Sẹ́ẹ̀lì Aṣẹ̀dá àti Àtúnṣe Kèrékèré Oríkèé: Ohun tí Ìwádìí Ti Fìdí Rẹ̀ Múlẹ̀ àti Ohun tí Ó Ṣì Jẹ́ Ìrètí

Ìfáárà

Bí alápatà bá ya itan ẹran kúrò lára ìbàdí, ohun funfun kan tí ó ń dán, tí ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́, ni yóò hàn ní orí eegun méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Ohun náà le ju ẹran lọ, ṣùgbọ́n kò le tó eegun. Eyín lè gé e, ó sì máa ń dún lẹ́nu bí a bá ń jẹ ẹ́. Òun ni kèrékèré. Irú rẹ̀ mìíràn wà ní etí, ní imú àti ní ìpẹ̀kun egungun ìhà, ṣùgbọ́n èyí tí ó bo orí eegun ní oríkèé ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ní orúnkún àgbàlagbà, nínípọn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. Ohun tí kò nípọn tó ìka ọmọdé yìí ni ó ń gba ìwọ̀n ara dúró nígbà tí ènìyàn bá ń gun àtẹ̀gùn, tí ó bá ń jó, tàbí tí ó bá ru ẹrù.

Kèrékèré oríkèé ní àléébù kan tí ó ti ń dààmú àwọn oníṣègùn láti ọjọ́ pípẹ́: bí ó bá bàjẹ́, kì í tún ara rẹ̀ ṣe bí ó ti yẹ. Ní ọdún 1743, William Hunter, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní London, kọ bébà kan fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a mọ̀ sí Royal Society. Nínú bébà náà ni ó ti fi yé wọn pé kèrékèré tí ó bá ti run kì í padà bọ̀ sípò. Fún ohun tí ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí ó rí ọ̀nà tí yóò fi já ọ̀rọ̀ yìí nírọ́. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ti ń gbìyànjú láti fi sẹ́ẹ̀lì alààyè dí ojú ibi tí ó bàjẹ́. Èròńgbà àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pàápàá jù lọ bí wọ́n ṣe ń lo sẹ́ẹ̀lì aṣẹ̀dá, àti láti ya ohun tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ṣì jẹ́ ìrètí. Ìyàsọ́tọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, nítorí pé owó aláìsàn àti ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn ni ó so mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gba àlàyé

Orúkọ tí Yorùbá ń pe ìrora oríkèé kò kéré: làkúrègbé, aromọléegun, àwọ́ká. Ohun tí aláìsàn ń mọ̀ lára ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ń sọ, wọn kò sọ ohun tí ó fà á. Fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí, ó pọn dandan láti ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkíní ni ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo nínú kèrékèré tí ìyókù rẹ̀ ṣì dára, irú èyí tí agbábọ́ọ̀lù tàbí ẹni tí ọ̀kadà gbá lè ní. Èkejì ni jíjẹ tí kèrékèré ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí gbogbo oríkèé, títí kan eegun abẹ́ rẹ̀ àti awọ inú rẹ̀, fi ń bàjẹ́ pọ̀; èyí ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ohun tí ó yẹ kí ó máa dáàbò bo ara fúnra wọn dojú ìjà kọ oríkèé. Orí èkíní ni àtúnṣe tí a ń fi sẹ́ẹ̀lì ṣe ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn yóò máa ka ìròyìn ayọ̀ nípa èkíní bí ẹni pé èkejì ni a ń sọ.

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ alààyè tí ó kéré jù lọ nínú ara. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stem cell ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní progenitor cell ni ó pè ní sẹ́ẹ̀lì aṣẹ̀dá. Ẹnu iṣẹ́ ọwọ́ ni a ti lè rí àfiwé tí yóò tètè yé ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ dà bí ọmọ tí a kò tíì fi sẹ́nu iṣẹ́ kankan: ó lè di alágbẹ̀dẹ, ó lè di aránṣọ. Sẹ́ẹ̀lì aṣẹ̀dá dà bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: a ti mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá. Sẹ́ẹ̀lì kèrékèré gan-an ni ọ̀gá tí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí kì í sì í jáde níbẹ̀ mọ́. Ibi tí àfiwé yìí ti tàsé ni pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í pín ara rẹ̀ sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì aṣẹ̀dá ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ìdí sì nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wá a kiri.

Ìdí tí kèrékèré kì í fi í san

Omi ni ìdá 65 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kèrékèré. Okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní kọ́lájìn ẹ̀yà kejì ni ó hun ara wọn bí àwọ̀n mú omi yìí dúró. Láàárín àwọ̀n náà ni èròjà ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ aggrecan, tí ó máa ń fa omi mọ́ra gidigidi. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, omi a fún jáde díẹ̀ bí ìgbà tí a bá tẹ kànrìnkàn tí ó rin. Bí ó bá gbẹ́sẹ̀, omi a padà wọlé. Ọ̀nà yìí kan náà ni oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, nítorí pé kèrékèré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rárá. Inú omi oríkèé ni ó ti ń jẹ, ìrìn ènìyàn ni ó sì ń bá a po oúnjẹ náà wọlé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò pọ̀. Nínú kèrékèré àgbàlagbà, àyè tí wọ́n gbà kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì há sínú ilé tirẹ̀ tí kò lè jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi eegun wé e. Bí eegun bá kán, ẹ̀jẹ̀ yóò ya síbẹ̀, yóò dì, àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò sì gba inú ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn wá láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí àwọn tí ń to eegun ní ilẹ̀ Yorùbá gbọ́kàn lé nìyẹn, yálà wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ tàbí wọn kò pè é bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá to eegun kò ojú ara wọn, tí wọ́n sì dè é kí ó má mira, ara fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìyókù. Ní ti kèrékèré, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí yóò ya, kò sí ohun tí yóò dì, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí yóò ti ibòmíràn wá. Ó tún kù. Kèrékèré kò ní iṣan tí ń jẹ́ kí ara mọ ìrora, nítorí náà ìbàjẹ́ lè ti rìn jìnnà kí aláìsàn tó mọ̀. Nígbà tí ìrora bá sì dé, kì í ṣe kèrékèré ni ó ń ké bí kò ṣe eegun abẹ́ rẹ̀ àti awọ inú oríkèé.

Láti orí lílu eegun dé orí gbíngbin sẹ́ẹ̀lì

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ dá ni pé, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò ti sí nínú kèrékèré, kí wọ́n pe ẹ̀jẹ̀ wá láti inú eegun. Kenneth Pridie ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ọ̀nà tí ó fi ń dá eegun abẹ́ kèrékèré lu ní ọdún 1959. Ní àwọn ọdún 1980, Richard Steadman, ní Amẹ́ríkà, tún ọ̀nà náà ṣe: ó ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí eegun náà kí ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn lè sun jáde, kí wọ́n sì dì sójú ọgbẹ́. Iṣẹ́ yìí kò gba àkókò púpọ̀, kò sì wọ́n bí àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí ó ń hù níbẹ̀ ni kò tẹ́ni lọ́rùn. Kọ́lájìn ẹ̀yà kìíní, irú èyí tí ó wà nínú àpá ọgbẹ́, ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó lè mú ìrora fúyẹ́ fún ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bí ojúlówó kèrékèré, ó sì máa ń jẹ padà.

Ìyípadà ńlá ti Gothenburg, ní ilẹ̀ Sweden, wá. Ní ọdún 1987 ni Lars Peterson, Mats Brittberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ́kọ́ gbin sẹ́ẹ̀lì kèrékèré padà sínú orúnkún ènìyàn. Wọ́n bu kèrékèré díẹ̀ láti ibi tí ìwọ̀n ara kì í tẹ̀ púpọ̀ nínú orúnkún aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n tú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fún wọn lóúnjẹ nínú abọ́ ní yàrá ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí wọ́n fi di púpọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún la orúnkún náà, wọ́n rán awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bó lára eegun bo ojú ọgbẹ́ bí ìdérí, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sábẹ́ rẹ̀. Ìròyìn iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1994. Aláìsàn 23 ni wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nínú 16 tí ọgbẹ́ wọn wà ní ìsàlẹ̀ eegun itan, 14 ni àbájáde tiwọn dára tàbí tí ó dára gidigidi. Nínú 7 tí ọgbẹ́ wọn wà ní ẹ̀yìn ọmọrí orúnkún, 2 péré ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí yẹ ní wíwò dáadáa. Lọ́nà kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a rí ẹ̀rí nínú ara ènìyàn pé ọ̀rọ̀ Hunter lè ní àtúnṣe. Lọ́nà kejì, sẹ́ẹ̀lì kan náà ni a gbìn sí ibi méjèèjì, síbẹ̀ ibi kan gbà á, ibi kejì kọ̀ ọ́. Èyí fi hàn pé kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì nìkan ni ó ń ṣe àtúnṣe. Bí ìwọ̀n ara ṣe ń tẹ ibẹ̀ àti bí eegun ṣe ń yí lórí ara wọn ní ipa tí wọ́n ń kó. Bákan náà, kò sí ẹgbẹ́ aláìsàn mìíràn tí a fi wé àwọn 23 náà, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ìròyìn yẹn, kì í ṣe òpin rẹ̀.

Ọ̀nà náà ti gbòòrò láti ìgbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan tí a ń pè ní MACI, níbi tí a ti ń gbin sẹ́ẹ̀lì náà sára awọ kọ́lájìn tí a rí láti ara ẹlẹ́dẹ̀ kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́. Ní ọdún 2017, àjọ NICE tí ń gba ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn gbà pé kí a lo irú ìtọ́jú yìí, ṣùgbọ́n wọ́n fi òté lé e: ọgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 níbùú-lóròó lọ ní ìwọ̀n ojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ tíì ṣe iṣẹ́ abẹ àtúnṣe kèrékèré síbẹ̀ rí, jíjẹ kèrékèré ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò sì gbọdọ̀ ju díẹ̀ lọ nínú orúnkún náà.

Ìṣòro kan kù tí òté kò lè yanjú. Bí a bá fi sẹ́ẹ̀lì kèrékèré sínú abọ́ pẹlẹbẹ kí ó lè pọ̀ sí i, ó máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Yóò na ara rẹ̀ gbọọrọ, yóò dẹ́kun kọ́lájìn ẹ̀yà kejì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀yà kìíní. Benya àti Shaffer fi hàn ní ọdún 1982, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ehoro, pé bí a bá kó irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kúrò nínú abọ́ pẹlẹbẹ sínú ohun tí ó dì bí ẹ̀kọ, tí ó fi lè tún rí roboto, yóò rántí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Síbẹ̀, bí a bá ti jẹ́ kí ó pín ara rẹ̀ jù, ìrántí náà ń ṣá. Ọ̀gá tí a mú kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kí ó wá bímọ kì í ṣe ọ̀gá bíi ti àná mọ́.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú mùdùnmúdùn

Ohun tí ó mú àwọn onímọ̀ yíjú sí ọmọ tí kò tíì yan iṣẹ́ nìyẹn. Alexander Friedenstein, ní Moscow, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1960 sí 1970 pé sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú mùdùnmúdùn tí ó lè di eegun. Ní ọdún 1991, Arnold Caplan ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, fún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó tàn káàkiri ayé, MSC ni ìgékúrú rẹ̀. Ní ọdún 1999, Pittenger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rí hàn pé sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn ènìyàn lè di eegun, ó lè di ọ̀rá, ó sì lè di kèrékèré nínú abọ́. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí.

Wakitani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáàn gbé e lọ sára ènìyàn. Ní ọdún 2002 wọ́n ròyìn orúnkún 24 tí kèrékèré wọn ti jẹ, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ títọ́ eegun ẹsẹ̀ fún. Wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn sí 12, wọn kò gbìn ín sí 12 yòókù. Nígbà tí wọ́n wo inú orúnkún lẹ́yìn náà, ti àwọn tí ó gba sẹ́ẹ̀lì dára jù lójú. Ṣùgbọ́n ní ti bí aláìsàn ṣe ń rìn àti bí ara ṣe ń dùn ún, kò sí ìyàtọ̀ tí ó ṣe é gbára lé láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Àbájáde yìí ti tún ara rẹ̀ sọ lóríṣiríṣi ọ̀nà láti ìgbà náà: àwòrán a dára, aláìsàn a ní kò sí ìyàtọ̀.

Ìdí kan pàtàkì wà nínú ìwà sẹ́ẹ̀lì náà. Nínú ara ọmọdé, eegun gígùn ń ti ara kèrékèré dàgbà. Sẹ́ẹ̀lì kèrékèré ibẹ̀ yóò pọ̀, yóò wú, yóò ṣe kọ́lájìn ẹ̀yà kẹwàá, yóò kú tàbí kí ó yí padà, eegun yóò sì gba ipò rẹ̀. Ojú ọ̀nà yìí ni sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn mọ̀. Bí a bá ní kí ó di kèrékèré, yóò dì í, ṣùgbọ́n kì í dúró níbẹ̀; ó ń wú, ó sì ń fẹ́ di eegun. Kèrékèré oríkèé sì gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí ayé ni. Ní ọdún 2017, Caplan fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kí a yí orúkọ tí òun fún sẹ́ẹ̀lì náà padà, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara aláìsàn kì í ṣe láti di ẹran ara tuntun bí kò ṣe láti tú èròjà tí ń pẹ̀tù sí ara wíwú àti ìrora jáde. Kò wọ́pọ̀ kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ nǹkan ní gbangba pé kí wọ́n pa orúkọ náà tì.

Sẹ́ẹ̀lì aṣẹ̀dá inú kèrékèré fúnra rẹ̀

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ tí Charles Archer kó jọ ní Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, tí Dowthwaite jẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ wọn, gbé ìròyìn kan jáde tí ó yí ìbéèrè náà padà. Gbogbo ayé ti gbà pé ọ̀gá nìkan ni ó wà nínú kèrékèré. Àwọn ará Cardiff wo kèrékèré ọmọ màlúù, wọ́n sì rí i pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ní ojú òde kèrékèré gan-an, níbi tí ó ti kan omi oríkèé. Ọ̀nà tí wọ́n fi rí i kò le. Wọ́n fi èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fibronectin pa inú abọ́, wọ́n da sẹ́ẹ̀lì sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì da èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn nù. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó tètè lẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n tọ́jú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nba yìí lè pín ara rẹ̀ títí yóò fi di agbo ńlá. Nígbà tí agbo ọ̀hún bá sì pọ̀ tán, ó ṣì lè ṣe kọ́lájìn ẹ̀yà kejì àti aggrecan. Ohun tí ọ̀gá ń gbàgbé ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń rántí.

Ní ọdún 2010, Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú sẹ́ẹ̀lì yìí wà nínú kèrékèré ènìyàn pẹ̀lú. Ní ọdún 2012, McCarthy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ti ẹṣin wé sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn ẹṣin: àwọn méjèèjì di kèrékèré, ṣùgbọ́n ti mùdùnmúdùn nìkan ni ó fi àmì wíwú àti kọ́lájìn ẹ̀yà kẹwàá hàn. Èyí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì aṣẹ̀dá. Kì í ṣe pé ó pọ̀ ju sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lọ, kò sì rọrùn láti rí jù ú lọ. Ohun tí ó fi ta á yọ ni pé ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró.

Ẹ̀rí láti inú eku tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láti apá mìíràn. Ní ọdún 2015, Kozhemyakina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì sára àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú òde kèrékèré eku tí ó ṣì kéré, àwọn tí ń ṣe èròjà tí ń mú oríkèé yọ̀. Bí eku náà ṣe ń dàgbà, àmì náà ń sọ̀kalẹ̀: àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ni ó wá kún ìpele ìsàlẹ̀ kèrékèré. Ojú òde ni agbo ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń kún wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan dìde tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kí ló dé tí kèrékèré kò fi ń san? Ìdáhùn tí ó wà kò tíì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n kéré níye. Ojú òde tí wọ́n ń gbé ni ibi tí jíjẹ kèrékèré ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àwọn ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣègbé. Koelling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Göttingen, ní ilẹ̀ Jámánì, tún rí nǹkan ní ọdún 2009 tí ó mú ọ̀rọ̀ náà díjú sí i. Nínú kèrékèré àwọn tí àrùn ti bá fínra, tí a gé orúnkún wọn sọnù láti fi ti irin rọ́pò, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì aṣẹ̀dá tí ó ń rìn káàkiri. Ara ń gbìyànjú, àní ní ìgbẹ̀yìn. Ohun tí ó ń mú jáde ni kò péye, àpá ni, kì í ṣe kèrékèré. Ó jọ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni kò gbà wọ́n láàyè: ara wíwú tí kò lọ bọ̀rọ̀ ń fún wọn ní àṣẹ òdì.

Iṣẹ́ Stanford, ní California, tí Murphy, Chan, Longaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní ọdún 2020, tọ ojú ọ̀nà yìí lọ. Wọn kò gbin sẹ́ẹ̀lì kankan láti òde. Wọ́n lu eegun eku níhò bí Steadman ti ń ṣe, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ eegun sì dìde bí ó ti máa ń dìde. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, àpá ni yóò dà. Nígbà tí wọ́n fi èròjà BMP2 sí i, èyí tí ń ti sẹ́ẹ̀lì sí ojú ọ̀nà eegun, tí wọ́n sì fi òmíràn tí ó ń dí ọ̀nà iṣan ẹ̀jẹ̀ tì í lẹ́yìn, sẹ́ẹ̀lì náà gbéra lọ sí ọ̀nà eegun, ó sì dúró lórí kèrékèré. Ọgbọ́n ńlá ni. Orúnkún eku kò sì tíì jẹ́ orúnkún ènìyàn. Kèrékèré eku tẹ́ẹ́rẹ́ gidigidi, ìwọ̀n tí ń tẹ̀ ẹ́ kò sì ju gíráàmù mélòó kan lọ.

Sẹ́ẹ̀lì láti ibòmíràn

Àwọn mìíràn kò dúró de sẹ́ẹ̀lì aṣẹ̀dá oríkèé. Ní Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, inú imú ni Ivan Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kèrékèré tí ó pín imú sí méjì ṣe é bù láìpa ènìyàn lára púpọ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í sì í tètè gbàgbé iṣẹ́. Ní ọdún 2016 ni wọ́n ròyìn aláìsàn 10 tí wọ́n fi kèrékèré tí wọ́n gbìn láti ara imú wọn tún orúnkún wọn ṣe. Ní Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n po díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn mọ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí ó ti ara ẹlòmíràn wá, wọ́n sì gbìn ín ní ọjọ́ kan náà láìsí iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kejì. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 yani lẹ́nu: nígbà tí wọ́n bu kèrékèré tuntun náà wò lẹ́yìn ọdún kan, DNA aláìsàn nìkan ni wọ́n rí níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì àjèjì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ti lọ. Ó bá ohun tí Caplan sọ mu. Ní ilẹ̀ Kòríà Gúúsù, ìjọba ti fọwọ́ sí oògùn kan, Cartistem, tí a ṣe láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ, láti ọdún 2012.

Abẹ́rẹ́ tí a ń tà

Gbogbo ohun tí a ti sọ títí di ìhín ni iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tí a kà, tí a mọ̀, tí a sì gbé sójú ọgbẹ́ tí a wọ̀n. Ohun tí ó gbilẹ̀ lọ́jà yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni ti ń fa mùdùnmúdùn tàbí ọ̀rá aláìsàn, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń gún un sínú orúnkún rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lábẹ́ orúkọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Ìpolówó wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí orúnkún ń dùn ní Ìbàdàn lè kà á bí ẹni tí ó wà ní Florida. Àwọn àgbà tí kèrékèré wọn ti jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó ní ojú ọgbẹ́ kan.

Ní ọdún 2023, Mautner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìdánwò ńlá kan jáde. Aláìsàn 475 ni ó wà nínú rẹ̀, gègé ni wọ́n sì fi pín wọn. Àwọn kan gba sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn wọn, àwọn kan láti inú ọ̀rá wọn, àwọn kan láti inú ìwọ́ ọmọ, àwọn ìyókù sì gba abẹ́rẹ́ corticosteroid tí ó ti wà lórí àtẹ láti ọdún gbọọrọ. Nígbà tí ó pé ọdún kan, kò sí ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ta yọ ti àtijọ́ ní ti ìrora. Àwòrán inú orúnkún kò sì fi hàn pé kèrékèré hù. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ náà kò ṣe nǹkan kan. Ara tu ọ̀pọ̀ nínú wọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ara fi tù wọ́n kò ju ohun tí abẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú lè ṣe lọ. Ẹni tí ó bá ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sanwó orúkọ.

Ewu pẹ̀lú wà. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà ròyìn àwọn obìnrin mẹ́ta tí ojú wọn fọ́ tàbí tí ó kù díẹ̀ kí ó fọ́ tán lẹ́yìn tí ilé ìtọ́jú kan ní Florida gún ohun tí wọ́n fà láti inú ọ̀rá wọn sí ẹyin ojú wọn. Ojú kì í ṣe orúnkún, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ní ibi méjèèjì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí aláìsàn béèrè kò ṣòro: Sẹ́ẹ̀lì wo ni? Mélòó ni? Ta ni ó kà á? Ọgbẹ́ kan ni ẹ fẹ́ dí ni, tàbí gbogbo oríkèé ni ẹ fẹ́ tún ṣe? Ní ti gbogbo oríkèé tí ó ti jẹ, eré ìdárayá tí ń fún iṣan ẹsẹ̀ lókun, dídín sísanra kù, àti ní ìkẹyìn fífi irin àti ike rọ́pò oríkèé, ni ẹ̀rí wà fún. Kò sí èyí tí ó ń dún lẹ́nu bíi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ nínú wọn.

Ibi tí àtúnṣe ti máa ń bàjẹ́

Àní níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti jẹ́ ojúlówó, tí ọgbẹ́ sì jẹ́ ẹyọ kan, ohun méjì ni ó sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Èkíní ni etí ọgbẹ́. Kèrékèré tuntun gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ yí ká, bẹ́ẹ̀ ni ti àtijọ́ kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò fi dì mọ́ àlejò. Bí ojú ìpàdé náà bá là, omi oríkèé a wọ ibẹ̀, ìwọ̀n ara a sì máa ya á sí i lójoojúmọ́. Èkejì ni bí ẹsẹ̀ ṣe tọ́ sí. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ síta tàbí sínú, apá kan orúnkún ni yóò máa ru ìwọ̀n tí ó yẹ kí méjèèjì pín, ohun tí a bá sì gbìn sí apá ọ̀hún yóò di ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kí ó tó gbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi máa ń kọ́kọ́ gé eegun ojúgun tàbí ti itan, kí wọ́n tọ́ ọ, kí wọ́n tó gbin sẹ́ẹ̀lì, tàbí kí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pá ìkẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹlẹ̀ dáadáa, àti ìdárayá lábẹ́ àbójútó fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí pé kèrékèré tuntun rọ̀ bí ẹ̀kọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì máa ń tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó le dé ibi tí yóò le dé.